Orúkọ Mẹ̀dínátù Kò Sí Nínú Ìwé

Ọmọ Ìmáṣàyí ni Mẹ̀dínátù, ṣùgbọ́n Ìlaro ló ti ń jẹun. Ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń gbálẹ̀ ní báńkì kan lọ́nà Pahayi, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ máa ń bú ramúramù látàárọ̀ títí wọn yóò fi tilẹ̀kùn. Kí agogo méje tó lù ló ti máa ń débẹ̀. Yóò gbálẹ̀, yóò fi omi nù ún, yóò nu gíláàsì tí àwọn oníbàárà máa ń fi ìka tẹ̀, yóò sì ti wà lẹ́yìn ilé kí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni iṣẹ́ agbálẹ̀ rí. Bó bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀, àfi ọjọ́ tí kò bá sí.

Kì í ṣe báńkì ló gbà á síṣẹ́. Kọ́ńpìnnì kan ló ń wá agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ fún báńkì náà, àwọn náà ló sì ń san owó oṣù wọn. Ṣàíbù, ọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ń gun alùpùpù kiri láti Ìlaro dé Ayétòrò, ni kọ́ńpìnnì fi ṣe ọ̀gá lé wọn lórí. Mẹ̀dínátù kò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, báńkì lòun ń bá ṣiṣẹ́. Bó bá lọ sí Ìmáṣàyí lọ́jọ́ iléyá, "ìyá oníbáńkì" ni àwọn ìyàwó ilé bàbá rẹ̀ ń pè é, kò sì já wọn nírọ́ rí.

Ẹni tó sún mọ́ ọn jù níbẹ̀ ni Ọ̀jẹ̀túndé, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọmọ Ìwòyè-Kétu ni, ó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Kétu ẹnu rẹ̀ ki débi pé àwọn ọmọ báńkì máa ń ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ kí wọ́n lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣe lébìrà ní Kútọnu nígbà èwe, Faransé díẹ̀ sì kù sí i lẹ́nu. "Bọ́njúù, àbúrò mi," ló fi ń kí Mẹ̀dínátù láràárọ̀. Bí Mẹ̀dínátù bá se ẹ̀wà, yóò bu tirẹ̀ sínú kúlà. Bí Ọ̀jẹ̀túndé bá lọ sílé ní ìparí oṣù, yóò gbé iṣu méjì bọ̀ fún un. Kò sí nǹkan mìíràn láàárín wọn. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé àwọn làwọn kéré jù nínú ilé náà, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Agogo mẹ́rin ku díẹ̀. Àwọn oníbàárà ti lọ tán, ó ku méjì níwájú kaṣíà. Mẹ̀dínátù wà nínú sítọ̀, yàrá tóóró kan lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń kó tákàdá àti ọṣẹ àti ìgbálẹ̀ sí. Ó ń ká àwọn àkísà ìnulẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ó gbọ́ ohun kan tó dún bí ìgbà tí táyà ọkọ̀ bẹ́. Ó ní táyà ni. Ìkejì dún, ìkẹta tẹ̀lé e, gíláàsì iwájú fọ́ wálẹ̀, obìnrin kan sì figbe ta. Ara rẹ̀ ti mọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn irin sítọ̀ náà, ó fa irin ìtìlẹ̀kùn sí i láti inú, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn páálí tákàdá, ó sì ki àkísà bọ ẹnu kí ohùn rẹ̀ má baà jáde.

Kò mọ bó ti pẹ́ tó. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́.

"Mẹ̀dínà, èmi ni. Ṣílẹ̀kùn."

Ohùn Ọ̀jẹ̀túndé ni. Mẹ̀dínátù dìde. Ó gbọ́wọ́ lé irin ìtìlẹ̀kùn. Irin náà tutù. Dòní olónìí ó rántí bó ti tutù tó. Ohun tó kù kò ju kó fà á sọ́tùn-ún lọ. Ọkàn kan ní kó ṣí i. Ọkàn kejì ní bóyá ìbọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bóyá àwọn olè ni wọ́n ní kó wá kanlẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́."

Ẹsẹ̀ mìíràn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ oníbàtà tó ń kanlẹ̀ gbàgà gbàgà. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan péré, nítòsí débi pé tákàdá orí pẹpẹ jábọ́ lé e lórí.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n ní gbogbo rẹ̀ gbà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ṣílẹ̀kùn, àwọn adigunjalè ti gba ọ̀nà ẹnu bodè lọ, aṣọ Mẹ̀dínátù sì ti tutù láti ìdí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo Ọ̀jẹ̀túndé. Kò jìnnà sí ilẹ̀kùn sítọ̀ ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọlọ́pàá kan bi í pé kí ló rí. Ó ní òun kò rí nǹkan kan. Òótọ́ ni, kò rí nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni kò bi í pé kí ló gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni Ṣàíbù pè é lórí fóònù. Ó kí i kú ewu, ó kí i kú ọ̀fọ̀, ó wá ní àwọn ọ̀gá báńkì ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Ẹtì, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Mẹ̀dínátù ní ṣé kò lè wá ẹlòmíràn. Ṣàíbù mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Toheebat, ẹ má bínú sí mi. Ta ni mo fẹ́ rán? Ẹ̀yin lẹ mọ ilé." Àúdù, ọkọ rẹ̀, tó ń ra àgbàdo láti àwọn abúlé Ẹ̀gùà wá tà ní Ìlaro, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bí kò bá lọ, wọn yóò ní ó mọ̀ nípa ìdigunjalè náà, pé kò sí báńkì tí wọ́n jà lólè tí wọn kì í wá ẹni tó jẹ́ ojú fún olè nínú ilé, orí aláìnígbèjà ni wọ́n sì ń fọ́ irú àgbọn bẹ́ẹ̀ lé.

Ó lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ, ó ti wọ inú ààlà àárín táìsì, ó dúdú. Ó da omi gbígbóná sí i, ó fọ́n ọṣẹ sí i, ó kúnlẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha ààlà kọ̀ọ̀kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ló dà sí gọ́tà lẹ́yìn ilé, omi ìkẹfà ṣì pọ́n. Ìgbà tó gbójú sókè kó lè na ẹ̀yìn ló rí ilẹ̀kùn sítọ̀. Ọwọ́ ènìyàn wà lára rẹ̀, ìka mẹ́rin àti ìdajì àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ ló fi hàn.

Ibẹ̀ ló jókòó sí. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ láti àná pé bóyá ìbọn wà lẹ́yìn ọkùnrin náà, bóyá òun ì bá ṣílẹ̀kùn fún àwọn apànìyàn. Ọwọ́ náà já a nírọ́. Wọ́n ti ta á níbọn kó tó wọ́ ara rẹ̀ débẹ̀. Kò sẹ́ni tó tì í wá. Ibi tí yóò sá pamọ́ sí ló ń wá, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pè ní àbúrò ló sì sá wá. Àwọn ọlọ́pàá ti ya fọ́tò wọn, wọ́n ti lọ. Bóyá wọ́n rí ọwọ́ yẹn, bóyá wọn kò rí i, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mẹ̀dínátù rẹ àkísà sínú omi, ó nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó parẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni obìnrin kan dé láti Èkó. Olúwapẹ̀lúmi lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ lójú wọn sọ̀rọ̀ kí ọkàn wọn lè bọ̀ sípò. Báńkì ló pè é. Ọjọ́ méjì ni yóò lò, ní yàrá ìpàdé òkè, yóò máa rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri lẹ́bàá àtẹ̀gùn, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú agogo tí kálukú yóò gòkè. Mẹ̀dínátù kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ara rẹ̀ bó bá rí i. Ó fi ìka tọ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún un tọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Òun ni wọ́n ní kó máa gbé omi àti mítípáì gòkè fún wọn. Ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, ó gbé àwo dé ẹnu ọ̀nà, Purity ló wà nínú ilé. Purity ni kaṣíà tí wọ́n na ìbọn sí lágbárí lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó ń sunkún, ó ń sọ pé òun ló tẹ bọ́tìnì tí àpótí owó fi ṣí, pé bí òun kò bá ṣí i ni, bóyá wọn kì bá ráyè pa Bàbá Ọlọ́dẹ. Olúwapẹ̀lúmi jẹ́ kó sunkún náà tán. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Yorùbá púpọ̀, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé nígbà tí ẹ̀rù bá dé góńgó, ara ló ń pàṣẹ, kì í ṣe làákàyè, pé ẹlòmíràn a sá, ẹlòmíràn a jà, ẹlòmíràn á sì gan síbi tó wà, ọwọ́ kò ní lè gbé.

Mẹ̀dínátù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ẹlòmíràn á gan síbi tó wà. Ó dà bíi pé ẹnìkan rí i nínú sítọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì tù ú. Ṣùgbọ́n Purity ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Purity ṣílẹ̀kùn nítorí wọ́n na ìbọn sí i. Òun kò ṣí tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó na nǹkan kan sí òun. Ó gbé àwo náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ojú ń tì í, síbẹ̀ ó lọ bá mánéjà. Fadékẹ́mi ni mánéjà ń jẹ́, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní òun ti béèrè, Èkó sì ti dá òun lóhùn pé àwọn tí kọ́ńpìnnì mú wá, kí kọ́ńpìnnì tọ́jú wọn. "Màmá, mo kọ orúkọ yín ránṣẹ́. Wọ́n yọ ọ́." Ó wojú fèrèsé bó ti ń sọ ọ́.

Ṣàíbù ní òun yóò bá kọ́ńpìnnì sọ̀rọ̀. Ó sì sọ ọ́ lóòótọ́, ó tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù Mẹ̀dínátù. Toheebat, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Poli, ló kà á fún un. Kọ́ńpìnnì ní àwọn bá a kẹ́dùn, àwọn ń gbàdúrà fún un, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé fún àdúrà sí ìparí rẹ̀. Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ fóònù yẹn tó dé, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì Olúwapẹ̀lúmi ní Ìlaro, Mẹ̀dínátù ti dúró dè é lẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kò fojú pa á rẹ́. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí ọkọ̀, ó kọjú sí i dáadáa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sọ fún mi. Mò ń gbọ́." Mẹ̀dínátù sún mọ́ ọn. Ó la ẹnu. Dẹ́rẹ́bà wo aago, ó ní ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ àwọn lójú ọ̀nà Pápá, ibẹ̀ kò dára.

"Mo wà níbẹ̀," ni Mẹ̀dínátù rí sọ. "Mo wà níbẹ̀, mà."

Olúwapẹ̀lúmi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kọ nọ́ḿbà sórí ìwé pélébé, ó ní kó pe òun. Toheebat bá a pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí obìnrin náà tó gbé e. Ó rántí Mẹ̀dínátù, ó bi í bó ti ń sùn, bó ti ń jẹun. Ó wá fi ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn sọ fún Toheebat pé ìlú mìíràn lòun wà báyìí, iṣẹ́ tí báńkì gbé fún òun ti parí, bó bá ṣeé ṣe kó mú ìyá rẹ̀ lọ rí dókítà ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, àwọn ni wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó ní kó má jẹ́ kó pẹ́.

Oorun kò sí. Mẹ̀dínátù kò lè jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́. Bí Àúdù bá tì í, yóò dìde lọ ṣí i. Àúdù á tún tì í nítorí olè, òun á tún ṣí i, títí ọkùnrin náà fi kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Bí aládùúgbò bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri láti pe ọmọ rẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ Mẹ̀dínátù á jábọ́. Ó jó ìkòkò méjì níná. Bó bá ń kírun, ó ń gbàgbé iye rákà. Àúdù kọ́kọ́ ní sùúrù. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ ààfáà ní Sábó, wọ́n fọ hántú, omi ara wàláà, fún un, ó mu ún ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún láìyẹ̀. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀ bó bá ti mu ún tán. Bí irin kan bá ti kan irin, ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àúdù rò pé ẹ̀rù ìbọn ló ń bà á. Mẹ̀dínátù kò sọ ti ilẹ̀kùn fún un.

Ìgbà tí Toheebat sọ ọ̀rọ̀ dókítà ní Abẹ́òkúta, Àúdù kò pariwo. Ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àrò nìyẹn," ló wí. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ lọ́jà Ẹ̀gùà pé ìyàwó Àúdù ya wèrè? Ta ni yóò fẹ́ ọ?" Toheebat sọ pé wèrè kọ́, pé bí ènìyàn bá dá lẹ́sẹ̀ a máa ń gbé e lọ sọ́sìbítù. Bàbá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kì í ṣe orí.

Ọmọ náà kò gbà. Lọ́jọ́rú kan tí Àúdù lọ sóko, ó mú ìyá rẹ̀ lọ sí gáréèjì Abẹ́òkúta. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, ó ku ènìyàn kan kó kún. Ẹni náà dé: ìyàwó ẹ̀gbọ́n Àúdù ni, tó ń lọ kí ọmọ rẹ̀. Ó kí wọn tayọ̀tayọ̀, ó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Toheebat ti la ẹnu láti purọ́. Mẹ̀dínátù kò dúró gbọ́ irọ́ náà. Ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń lọ. Toheebat sáré tẹ̀ lé e, ó bẹ̀ ẹ́ títí dé Oríta, ó ní ọkọ̀ mìíràn ṣì wà. "Màámi, ọkọ̀ mìíràn ṣì wà." Ìyá rẹ̀ ò dúró.

Lẹ́yìn èyí ló mú un sọ́kàn pé ẹnìkan ṣoṣo ló lè gba ẹrù náà lórí òun, ìyẹn Àṣìkẹ́, opó Ọ̀jẹ̀túndé. Bóyá bí òun bá jẹ́wọ́ fún un, bó bá bínú, bó bá gbá òun létí, bó bá dárí ji òun, nǹkan kan yóò tú. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, ó wọ òmíràn dé Ìmẹ̀kọ, ó gun ọ̀kadà wọ Ìwòyè. Fóònù rẹ̀ ti ń gbé nẹ́tíwọọ̀kì orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kó tó dé ìlú. Wọ́n júwe ilé fún un.

Obìnrin àgbà ni Àṣìkẹ́, ó ń sá àgbàdo síwájú ilé. Ó mọ̀ ọ́n kó tó dárúkọ ara rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni Mẹ̀dínà tó ń bù ú lẹ́wà." Ó gbé àpótí fún un, ó bu omi fún un. Ó mú un wọ pálọ̀ lọ wo àwòrán ọkọ rẹ̀ tí báńkì fi férémù gíláàsì sí, tí wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé akọni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó sọ fún un pé ohun tó ń tu òun nínú ni pé ikú náà yá. Àwọn ará báńkì ní ìbọn bà á, ó ṣubú, ó parí, kò jẹ̀rora, kò tilẹ̀ mọ̀. Ìyẹn lòun fi ń sùn.

Mẹ̀dínátù ì bá ti ibẹ̀ yẹn padà. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ti rìn jìnnà. Ó wólẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ẹsẹ̀ tó ń wọ́, ó sọ ti àtẹ́lẹwọ́ lára irin, ó sọ ohun tí ọkùnrin náà wí lẹ́ẹ̀kíní àti ohun tó wí lẹ́ẹ̀kejì. Ó sọ ti ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó nù kúrò.

Àṣìkẹ́ kò gbá a létí. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ tán, adìẹ sì wọ inú àgbàdo tó sá síta, ó ń jẹ ẹ́, obìnrin náà kò lé e.

"Ó kanlẹ̀kùn," ló wí nígbà tó yá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó bẹ̀ ọ́."

Mẹ̀dínátù fi ìborùn bo ojú.

"Mi ò bá ọ jà," ni Àṣìkẹ́ wí. "Bó bá jẹ́ èmi, bóyá mi ò ní ṣí i. Ṣùgbọ́n kí lo wá sọ ọ́ fún mi fún? Ìwọ nìkan ló ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Láti òní lọ, èmi náà á máa gbọ́ ọ."

Kò ṣépè, kò lé e jáde. Ó dìde, ó bá a pe ọlọ́kadà, ó ní kó rọra wà á. Gbogbo ọ̀nà títí dé Ìmẹ̀kọ, Mẹ̀dínátù fi ojú sẹ́yìn ọlọ́kadà, eruku pupa ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó rò pé òun ń lọ sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ti gbé ìdajì rẹ̀ lé opó náà lórí, tirẹ̀ kò sì fúyẹ́.

Báńkì tún ṣí kí ọdún tó parí. Wọ́n fi gíláàsì tuntun síwájú, wọ́n mú ọlọ́dẹ tuntun wá. Purity gba ìwé pé wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn, níbi tí yóò ti máa rí dókítà tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kó tó lọ, ó dì mọ́ Mẹ̀dínátù, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ rí ẹnìkan." Mẹ̀dínátù ní òun gbọ́. Fadékẹ́mi náà lọ fún ìsinmi oṣù kan, kò sì padà sí Ìlaro mọ́. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tó kù kò ju mẹ́ta lọ, agbálẹ̀ sì wà lára wọn.

Kò lè wọ sítọ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó ń fi ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìn ilé, òjò sì ń pa wọ́n. Mánéjà tuntun bi í léèrè, ó bú sẹ́kún lójú oníbàárà. Ìgbà kejì tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, Ṣàíbù wá fúnra rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní kọ́ńpìnnì ní kó lọ sinmi, bí ara bá ti yá, wọn yóò pè é. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ìyá Toheebat, mo jà fún yín. Ẹ gbà mí gbọ́." Mẹ̀dínátù gbà á gbọ́. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a, ó gbé e fún un. Láti ìgbà náà, wọn kò tíì pè é, Ṣàíbù pàápàá sì ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ìmáṣàyí ló wà báyìí, ní ilé bàbá rẹ̀. Àúdù kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó máa ń fi àgbàdo ránṣẹ́, ó sì máa ń yà kí i nígbà tó bá ń lọ sí Ẹ̀gùà. Ó máa ń jókòó díẹ̀ lórí àga kó tó lọ. Àwọn ìyàwó ilé kò pè é ní ìyá oníbáńkì mọ́. Ó ń bá wọn bẹ gbágùúdá lẹ́yìn ilé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá níbẹ̀, torí pé gbágùúdá kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn.

Toheebat wá lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ti gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan ń wá sí ọsìbítù ìjọba ní Ayétòrò lẹ́ẹ̀kan lóṣù nítorí irú àìsàn báyìí, pé kò sẹ́ni tí yóò rí wọn lọ́nà, pé òun ti kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀, ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mẹ̀dínátù gbọ́ ọ dé ìparí. Ó ní ó dára, kí ó fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìwé nọ́ḿbà Olúwapẹ̀lúmi ṣì wà níbẹ̀. Toheebat dìde, ó lọ fi ìwé náà síbẹ̀, ó sì wá mú ọ̀bẹ jókòó tì wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ń sọ ìtàn kan nípa ẹni tó ta ewúrẹ́ aláìsàn fún àna rẹ̀, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Mẹ̀dínátù, ó bi í pé ṣé òun náà mọ ọkùnrin yìí. Mẹ̀dínátù mú gbágùúdá mìíràn, ó ń bẹ ẹ́. Wọn kò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti mọ́ wọn lára. Obìnrin náà ń bá ìtàn rẹ̀ lọ, èèpo gbágùúdá sì ń ga sí i láàárín wọn.